Ọmọdé, fèrè àti àmì-ẹ̀yẹ: ohun tó wà lẹ́yìn ìròyìn àwọn ọmọ olórin Àméníà

Ìròyìn ọmọdé tó mọ fèrè fun dáadáa kì í wọ́n ní Àméníà. Àwòrán rẹ̀ sì máa ń jọra: ọmọ kékeré wọ ẹ̀wù funfun, ó di fèrè mú lọ́wọ́ kan, ó gbé ìwé-ẹ̀rí sí àyà, olùkọ́ rẹ̀ dúró tì í. Lábẹ́ àwòrán ni wọ́n á to àmì-ẹ̀yẹ sí: ipò kìíní níbí, Grand Prix, ìyẹn ẹ̀bùn tó ga jù, lọ́hùn-ún, ìdíje àgbáyé kan ní ìlú tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn èèyàn á kí ọmọ náà kú oríire, wọ́n á pín ìròyìn náà kiri, kò ní pẹ́ tí ti ọmọ mìíràn náà á fi jáde.

Èmi náà máa ń bá wọn yọ̀. Ọmọ tó bá lè dúró níwájú àwọn àgbà onídàájọ́, kó fun orin gígùn láti orí dé ìdí láìwo ìwé, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ṣùgbọ́n àtòkọ àmì-ẹ̀yẹ kì í sọ ohun tí ọmọ náà ṣe gan-an, kì í sọ ẹni tó tì í lẹ́yìn, kì í sì í sọ ohun tó ṣì ń bẹ níwájú. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn: bí orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 3 péré ṣe ń rí ọmọ olórin mú jáde léraléra, àti bó ṣe yẹ ká máa ka àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń gbà ní kékeré. N kò ní dárúkọ ọmọdé kankan. Àwọn tí n ó dárúkọ ti dàgbà, àwọn mìíràn ti di olóògbé, ìtàn wọn sì wà ní gbangba.

Èwo nínú àwọn fèrè náà?

Bí wọ́n bá ní ọmọ Àméníà kan ń fun fèrè, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé èwo. Duduk ló lókìkí jù. Igi ápíríkọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, wọ́n á sì ki pòròpóró esùsú tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ bọ orí rẹ̀. Esùsú yìí ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde, ohùn tó wúwo, tó rọ̀, tó máa ń mú kí gbogbo ilé dákẹ́. Ẹni méjì ló sábà ń fun ún pọ̀. Ọ̀kan á máa fun orin, èkejì á máa fa ohùn kan ṣoṣo lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni kejì yìí kì í dánu dúró mí: imú ló fi ń fa èémí sínú, nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú ṣì ń ti atẹ́gùn jáde sínú igi. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà mìíràn tí ẹ bá rí fídíò wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde orin duduk ní 2005 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008.

Shvi kéré, kò ní esùsú. Ẹnu rẹ̀ dà bíi ti súfèé, ohùn rẹ̀ ga, ó sì yára, ihò àwọn ìka sì wà níwájú pẹ̀lú ọ̀kan lẹ́yìn fún àtàǹpàkò. Blul jẹ́ ti àwọn darandaran orí òkè, ó gùn, etí igi náà gan-an ni wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni fèrè onírin tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí wọ́n ń gbé dání ní ìbú, tó ní bọ́tìnì lára. Theobald Boehm, ará Jámánì, ló ṣe irú èyí tí a ń lò dòní ní 1847.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìka ọmọ ọdún mẹ́jọ dé gbogbo ihò shvi, nítorí náà ọmọ tó bá létí lè máa fun orin àgbà lórí rẹ̀ láìpẹ́. Ti fèrè onírin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 67, ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo rẹ̀ sì wà, apá ọmọdé kò tó o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe orí fèrè tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ fún àwọn ọmọ, kí bọ́tìnì lè sún mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tilẹ̀ máa ń fi fèrè onígi kékeré, ìyẹn rẹ́kọ́dà, bẹ̀rẹ̀ títí apá ọmọ náà yóò fi gùn díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn apá, eyín. Nígbà tí ọmọ bá wà láàárín ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ ni eyín iwájú ń yọ, ètè tó ti mọ ibi tí yóò dúró sí lánàá lè má mọ̀ ọ́n mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èémí ló wá le jù. Fèrè yìí kò ní esùsú tó ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́. Ètè ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ atẹ́gùn di tín-ín-rín, kó darí rẹ̀ sí etí ihò kan, kí apá kan wọlé kí apá kan sì ṣòfò sóde. Orí máa ń kọ́kọ́ yí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọmọ ń ṣe ní yàrá ẹ̀kọ́ fún oṣù púpọ̀ kì í ṣe orin rárá: ó dúró níwájú dígí, ó fun ohùn kan ṣoṣo, ó fà á gùn bí èémí rẹ̀ bá ṣe mọ, ó ń wo ètè rẹ̀ bóyá ó yẹ̀, olùkọ́ gbọ́wọ́ lé èjìká rẹ̀ kó má baà gbé e sókè. Ó tún un ṣe. Kò sí onífídíò tó ń ya èyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àmì-ẹ̀yẹ ti ń wá.

Àkàbà tí wọ́n ń gùn

Ayé Soviet, nígbà tí Moscow ń ṣàkóso Àméníà, ni wọ́n ti kan àkàbà yìí. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ orin ọmọdé sílẹ̀ káàkiri àwọn ìlú, ọmọ á lọ sí ilé-ìwé tirẹ̀ láàárọ̀, á sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin lọ́sàn-án. Ọdún méje ni ètò náà sábà máa ń gbà. Ohun èlò tí ọmọ yàn nìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ: ó gbọ́dọ̀ tẹ dùùrù díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣe solfeggio, ìyẹn kíka orin lójú ìwé kó sì kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró níwájú àwọn olùkọ́ fún ìdánwò. Èyí tó bá yọrí nínú wọn á bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ pàtàkì tí wọ́n fi orúkọ Tchaikovsky pè ní Yerevan, olú-ìlú Àméníà, níbi tí ẹ̀kọ́ ìwé àti ẹ̀kọ́ orin ti wà lábẹ́ òrùlé kan. Lókè pátápátá ni yunifásítì orin tí wọ́n fi orúkọ Komitas pè. Ní 1921 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìkọ́ṣẹ́ orin, ó sì di yunifásítì ní 1923.

Ìjọba Soviet tú ká ní 1991, owó tán, ogun dé, iná ọba di ọ̀wọ́n, síbẹ̀ àkàbà náà kò wó. Èyí ni mo kà sí àṣeyọrí tó ga jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan bá gba ipò kìíní, olùkọ́ tó ti ń tọ́ ọ láti ìgbà eyín wàrà wà níbẹ̀, atẹ-dùùrù tó ń bá a lù wà níbẹ̀, olùkọ́ solfeggio tó ń dá a padà síbi tó ti ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìròyìn kì í dárúkọ wọn. Ó yẹ kó máa dárúkọ wọn.

Àṣà mímú ọmọ tó lẹ́bùn kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti wà kí Soviet tó dé. Komitas fúnra rẹ̀, ọmọ òrukàn láti Kütahya ní ilẹ̀ Tọ́kì, kò ju ọmọ ọdún 12 lọ nígbà tí àlùfáà kan mú un lọ sí Etchmiadzin, ibùjókòó ìjọ Àméníà, ní 1881, nítorí pé ohùn rẹ̀ dára. Èdè Tọ́kì ni wọ́n ń sọ nílùú rẹ̀, kò gbọ́ èdè Àméníà, ṣùgbọ́n ó mọ orin ìsìn wọn kọ. Wọ́n gbà á wọlé. Òun ló wá rin abúlé dé abúlé nígbà tó yá, tó kọ orin àwọn àgbẹ̀ àti darandaran sílẹ̀ kí wọ́n má baà ṣègbé.

Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn 1881 tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí Arno Babajanian, ẹni tó wá di atẹ-dùùrù àti ẹni tó ń kọ orin sílẹ̀. Aram Khachaturian, ọmọ Àméníà tó lókìkí fún kíkọ orin ọ̀kẹ́sírà, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ náà wà, ó ní kí àwọn ọmọ kọrin, ó gbọ́ tirẹ̀, ó sì ní dandan ni kí wọ́n kọ́ ọmọ yìí lórin. Ní 1928, nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, Babajanian wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin gíga ní Yerevan. Gbọ̀ngàn orin kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ìlú náà lónìí.

Iṣẹ́ orin kan tí gbogbo afunfèrè mọ̀

Bí ọmọ Àméníà tó ń fun fèrè onírin bá ń dàgbà, iṣẹ́ kan ń dúró dè é. Khachaturian kọ concerto kan, ìyẹn orin gígùn tí ẹnì kan ń léwájú tí ọ̀kẹ́sírà ń gbè é, fún fáyólìn ní 1940, ó sì kọ ọ́ fún David Oistrakh, gbajúmọ̀ atafáyólìn. Nígbà tó yá, Jean-Pierre Rampal, afunfèrè ará Faransé, bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ̀kan fún fèrè. Khachaturian ní kó mú ti fáyólìn kó tún un tò. Rampal ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1968, láti ìgbà náà ni concerto yìí ti di òkè tí afunfèrè tó bá dá ara rẹ̀ lójú ń gùn.

Ẹ jẹ́ ká wò ó díẹ̀, nítorí yóò jẹ́ ká mọ ohun tó ń lọ nígbà tí wọ́n bá ní ọ̀dọ́ kan fun Khachaturian. Fáyólìn lè lọ sísàlẹ̀ ju fèrè lọ, nítorí náà Rampal gbé ọ̀pọ̀ ibi lọ sókè. Fáyólìn lè fa okùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Fèrè kò lè fun ohùn méjì báyẹn, ó gbọ́dọ̀ sáré fọ́n wọn ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó ń ta fáyólìn kì í nílò àyè láti mí. Ọwọ́ rẹ̀ ń fa igi lọ, ó ń fà á bọ̀, orin ń ṣàn láìdúró. Afunfèrè ní láti jí èémí níbi tí Khachaturian kò fi àyè kankan sí, kí ẹni tó ń gbọ́ má sì mọ̀. Ẹ̀dà ìwé orin àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ọ kún fún àmì pẹ́ńsù: mí níbí, má mí níbẹ̀, mí díẹ̀. Ó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá kà pé ọmọ ọdún 15 kan bá ọ̀kẹ́sírà fun gbogbo rẹ̀, ìyẹn tẹ̀wọ̀n ju Grand Prix mẹ́wàá tí a kò mọ ohun tí wọ́n fun níbẹ̀ lọ.

Khachaturian yìí kan náà, tí gbogbo ọmọ olórin Àméníà ń fẹ́ dà bíi rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Tbilisi ni wọ́n bí i sí ní 1903. Ó pé ọmọ ọdún 19 kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Gnessin ní Moscow ní 1922, kò mọ orin kà nígbà náà.

Bí a ṣe lè mọ ìdíje tó wúwo

Ìdíje ọmọdé pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì tún pọ̀ sí i láti 2020, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ti gbogbo gbọ̀ngàn pa tí àwọn olùṣètò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba fídíò. Òbí á san owó, ọmọ á gba orin sílẹ̀ nílé títí yóò fi gún, wọ́n á fi ránṣẹ́, ìwé-ẹ̀rí á dé sórí fóònù. Nínú irú ìdíje báyìí, ọmọ márùn-ún lè gba ipò kìíní pọ̀ nínú ìsọ̀rí ọjọ́ orí kan. Ohun tí a ń pè ní “laureate” ní àwọn orílẹ̀-èdè Soviet àtijọ́ sì pín sí ìpele kìíní, kejì àti ìkẹta, nítorí náà ẹni tó ṣe ipò kẹta náà laureate ni. N kò sọ pé kò wúlò. Ọmọ tó ń ya fídíò ń gbọ́ ara rẹ̀, ó sì ń tún ibi tó ti kù ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú dídúró lórí pèpéle nígbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n tí ètè sì ń gbẹ.

Àwọn ìdíje tó wúwo ní àmì tiwọn. Ojúkojú ni wọ́n ń ṣe é, ìpele sí ìpele, ọ̀kẹ́sírà sì máa ń wà ní àṣekágbá. Moscow Nutcracker, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Kultura ń gbé sáfẹ́fẹ́ láti 2000, gba àwọn ọmọ tó ń fun fèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń wò ó. Eurovision, ìdíje orin àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù, náà ní ìdíje tirẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ olórin. Narek Kazazyan ló ṣojú Àméníà níbẹ̀ ní 2012 ní Vienna, kanun ló sì gbé lọ, ohun èlò olókùn tí wọ́n ń gbé lé itan. Fún àwọn afunfèrè tó ti dàgbà, Kobe ní Jàpáànì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, àti Geneva ni orúkọ tí ayé ń bọ̀wọ̀ fún. Emmanuel Pahud gba Kobe ní 1989, ó gba Geneva ní 1992, kò tíì ju ọmọ ọdún 22 lọ tó fi di olórí afunfèrè ní ọ̀kẹ́sírà Berlin Philharmonic.

Èyí mú mi dé ibi tó ń kọ mí lóminú. Àyè fún fèrè kéré. Ọ̀kẹ́sírà ńlá kan lè gba fáyólìn ọgbọ̀n. Fèrè méjì, mẹ́ta, bóyá mẹ́rin ló ń gbà. Ẹni tó bá sì jókòó sórí àga náà lè jókòó síbẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Ọmọ tó ń ta fáyólìn dáadáa yóò ríṣẹ́ níbì kan. Ọmọ tó ń fun fèrè dáadáa gbọ́dọ̀ dára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jìnnà, ìyẹn ni àmì-ẹ̀yẹ ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ fún un ju fún àwọn tó kù lọ.

Ọ̀nà Moscow

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé Yerevan, Moscow ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Narek Hakhnazaryan, tó kọ́ sẹ́lò ní ilé-ẹ̀kọ́ Sayat-Nova ní Yerevan, gba Moscow kọjá kó tó lọ sí Boston, ó sì gba góòlù nínú ìdíje Tchaikovsky, ìdíje orin ńlá ti Rọ́ṣíà, ní 2011 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 22. Ní 2019 ni ìdíje Tchaikovsky kọ́kọ́ ṣí ìsọ̀rí fún àwọn fèrè onírúurú. Matvey Demin, afunfèrè ará Rọ́ṣíà, ló ṣe ipò kìíní. Inú àwọn ọ̀dọ́ afunfèrè dùn, nítorí ẹnu ọ̀nà ńlá kan ṣí fún wọn.

Kò pé ọdún mẹ́ta tí ogun Ukraine fi bẹ́. Ní oṣù kẹrin 2022, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó àwọn ìdíje orin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Geneva ní 1957, yọ ìdíje Tchaikovsky kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn. Ìdíje náà ṣì ń wáyé, ṣùgbọ́n àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lójú àwọn gbọ̀ngàn Yúróòpù. Ọmọ ọdún 13 ní Yerevan kò mọ nǹkan kan nípa ogun yìí, àmọ́ òun ló ń yan báyìí: kó tẹ̀lé ọ̀nà tí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀, níbi tó ti gbọ́ èdè tí àwọn ojúlùmọ̀ sì pọ̀ sí, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ èdè Jámánì tàbí Faransé láti ìsinsìnyí.

Àwọn tó yọrí nínú wọn ti jáde nílé lọ́nà kan tàbí òmíràn. Ìdílé Sergey Khachatryan, tó ń ta fáyólìn, kó lọ sí Jámánì ní 1993, nígbà tó ṣì kéré. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó gba ìdíje Sibelius ní Helsinki ní 2000, kò sí ẹni tó kéré tó o tó gbà á rí. Tigran Hamasyan, ọmọ Gyumri tó ń tẹ dùùrù, lọ sí Kalifọ́níà kó tó gba ìdíje jáàsì Thelonious Monk ní 2006, ní ọmọ ọdún 19.

Ti Djivan Gasparyan yàtọ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ ọ. Abúlé Solak ni wọ́n bí i sí ní 1928, ọmọ ọdún mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀ duduk. Àwọn àgbà ló ń tẹ́tí sí tó sì ń ṣe bíi tiwọn. Ní 1948 ó wọ ẹgbẹ́ olórin ìbílẹ̀ Tatul Altunyan. Ó ń fun ún lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará Soviet mọ̀ ọ́n, UNESCO fún un ní àmì-ẹ̀yẹ lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n Ìwọ̀-Oòrùn ayé kò mọ̀ ọ́n. Àwo orin tó gbà sílẹ̀ ní Moscow ní 1983 ló bọ́ sétí Brian Eno, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì, tó sì tún un gbé jáde ní 1989. Gasparyan ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ẹni tó bá wo fíìmù Gladiator ti gbọ́ duduk rẹ̀. Ó kú ní 2021, ó ti di ẹni ọdún 92.

Fún ọmọ tí ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ tó ń bọ̀ wà láàárín ọdún 14 sí 18. Orí fèrè kọdọrọ á ti kúrò, yóò nílò fèrè fàdákà gidi, irú èyí tí Muramatsu ń ṣe ní Jàpáànì tàbí tí Powell àti Haynes ń ṣe nítòsí Boston, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là sì ni. Ètè rẹ̀ yóò yí padà bí ojú rẹ̀ ṣe ń gbòòrò. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, iṣẹ́ ológun tó jẹ́ dandan ní Àméníà yóò ké sí i ní ọmọ ọdún 18, ọdún náà gan-an tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris àti Berlin ń wọ yunifásítì orin. Olùkọ́ rẹ̀ á ti ronú nípa rẹ̀ tipẹ́. Ìdílé tó bá sì gbọ́n ti ń wá ibi tí yóò ti ṣe ìdánwò ìwọlé kí ọjọ́ náà tó pé.